Tọ́ọ̀ṣì Àpò Tí Bàbá Fi Ń Sin Àlejò

Ẹni tó ta iná funfun náà fún mi kìlọ̀ fún mi. Kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹni tó ń ka ìwé yìí má baà rò pé mi ò mọ̀. Ní Rumuokwuta ni, ní Port Harcourt níbí, lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, bó ṣe ń wé ọjà mi sínú ọ̀rá: "My brother, this one no dey red before e quench o. E go just off. Tell the person wey get am." Ohun tó ń wí ni pé gúlóòbù àtijọ́ máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí bátìrì bá ṣe ń kú lọ, ṣùgbọ́n LED yìí, funfun ni yóò máa tàn títí tí yóò fi kú pátápátá. Ó ní kí n sọ fún ẹni tó ni tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ni tọ́ọ̀ṣì ni Bàbá, bàbá tó bí ìyá mi, tó tọ́ mi dàgbà. Mo mi orí fún ọlọ́jà. Mo délé, mi ò sọ.

Wọ́n ti ka ìtàn ayé Bàbá níbi ìsìnkú: bó ṣe kúrò ní Ìkìrun, bó ṣe wọ iṣẹ́ aṣọ́bodè, bí wọ́n ṣe gbé e wá sí Port Harcourt tí kò sì padà mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń ròyìn ẹlòmíì fún mi. Bàbá tí èmi mọ̀ kò sí níbẹ̀. Bàbá tí mo mọ̀ wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì lápá òsì, níbi tí tọ́ọ̀ṣì kékeré kan máa ń yọrí síta bí ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé.

Onírin dúdú ni tọ́ọ̀ṣì náà, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ara rẹ̀ ti bó níbi tí àtàǹpàkò Bàbá máa ń wà. Kò ní bọ́tìnnì. Tí èèyàn bá fẹ́ tàn án, orí rẹ̀ ló máa yí. Ní wáàfù ni Bàbá ti ń fi í yẹ inú ọkọ̀ òkun wò, ọwọ́ atukọ̀ kan ló sì ti rà á. Ọ̀rọ̀ "rà" yìí, Bàbá kì í fi ṣeré. Èèyàn á kàn wọlé jókòó, á ní, "Bàbá, tọ́ọ̀ṣì yín yìí mà dáa o."

"Mo rà á ni."

"Bàbá, mi ò ní pé ẹ jí i."

"Mo mọ̀. Mo ní mo rà á ni."

Ìyá àgbà, nígbà tí wọ́n wà láyé, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn á ní, "Ọkọ mi, àwọn tí ò ra tiwọn, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé." Òótọ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ Bàbá lẹ́nu iṣẹ́ kọ́lé kiri, àwa sì ń gbé yàrá méjì àti pálọ̀ lókè nínú ẹ́sítéètì ní Elekahia, à ń san owó ilé. Bàbá á na ọwọ́ sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á fọwọ́ lù ú jẹ́jẹ́, á ní: "Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò ṣeé fi sápò."

Ahun ni, mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Kì í ju bátìrì nù. Bí bátìrì bá ti rọ, á tò wọ́n sójú fèrèsé bí ẹni tó ń sá èlùbọ́, oòrùn á máa pa wọ́n láti àárọ̀, á sì máa lọ yí wọn padà kí ẹ̀yìn wọn náà lè gbóná. Àwọn ọmọ àdúgbò á dúró níta, wọ́n á ní, "Papa, you dey fry am?" Tí mo bá ní kí n lọ ra tuntun, á wò mí bí ẹni pé mo ní ká lọ sin aláìsàn láàyè. "Ó rẹ̀ ẹ́ ni," á wí. "Kò tíì kú."

Ohun tó máa ń fi bátìrì tó rẹ̀ wọ̀nyẹn ṣe ni mo fẹ́ sọ. Àlejò ló ń fi wọ́n sìn. Gbogbo Yorùbá ló ń sin àlejò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ti Bàbá ti di àìsàn. Kò sí ẹni tó máa wọlé wa tí yóò dá jáde. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á dìde pẹ̀lú àlejò, á yí orí tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jọ sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣáájú. Ẹ̀yìn díẹ̀ ló máa wà, á na ọwọ́ síwájú, á sì da iná sí ẹsẹ̀ àlejò, tirẹ̀ á wà nínú òkùnkùn. Mo bi í léèrè nígbà kan pé ṣé kò bẹ̀rù kó fẹsẹ̀ kọ. Ó ní: "Ẹsẹ̀ tèmi mọ ọ̀nà. Tirẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin oníná kan wá já wáyà wa nítorí gbèsè tí kì í ṣe tiwa, ti ẹni tó gbé ilé náà ṣáájú wa ni. Bàbá bá a jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọkùnrin náà já wáyà. Gbogbo ilé ṣókùnkùn. Ó ń ká àkàbà rẹ̀, ni Bàbá bá yọ tọ́ọ̀ṣì, ó sì sin ín dé títì. Nígbà tó padà, Màámi ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹni tó já iná wa lẹ tún ń tanná fún!"

"Ó wọlé mi, àbí kò wọlé?"

"Ó wọlé, ó sì já wáyà!"

"Wáyà ló já," ni Bàbá wí. "Kò já mi."

Òṣùwọ̀n kan wà tí Bàbá fi ń mọ ibi tó yẹ kó padà. Bí gúlóòbù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó dà bí ojú ẹni tó ń tòògbé, á dúró. Ìgbà míì, wọn ò tíì kọjá igi àgbálùmọ̀, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní udara. Ìgbà míì, wọ́n á ti dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ibikíbi tó bá ká wọn mọ́, á ní, "Iná ti ń dágbére. Ó dàbọ̀ o." Á wá fi èyí tó kù nínú iná rìn padà sílé. Bátìrì kì í kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ó mọ èyí tó jẹ́ ti àlejò, ó sì mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹni tó sìn jù láyé ni Páà Ovunda. Ọmọ Ikwerre ni, ará Omagwa, akọ̀wé ni nígbà tí Bàbá wà ní wáàfù. Ní gbogbo Sátidé ló ń wọ bọ́ọ̀sì wá ta dráàfù pẹ̀lú Bàbá, ní gbogbo Sátidé náà ni wọ́n ń jà. Ìjà wọn kò dá lórí dráàfù. Orí pé ta ni àlejò ló ń dá lé.

"Na you be visitor for here," Páà Ovunda á wí bí Bàbá bá ti ń dìde láti sin ín. "Na my people get this land. How visitor go dey escort landlord?"

"Who enter whose door?"

"The door dey for my papa land!"

"Then carry your papa land dey go. Leave my door."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí Páà Ovunda á fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà á na ìka sí Bàbá, á ní, "One day na me go escort you. You go see." Yorùbá ni Bàbá máa ń fi dá a lóhùn nígbà náà, bó tilẹ̀ mọ̀ pé kò gbọ́. Páà Ovunda á yíjú sí mi: "Wetin your papa talk?" Èmi á ní, "E say okay." Ohun tí Bàbá ń wí ni: "Ọjọ́ tí mo bá ń lọ ilé nìyẹn."

Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni wọ́n bí mi. Elekahia ni mo gbọ́njú sí. Pijin ni mo fi ń ṣeré, Yorùbá ni mo fi ń jẹun, nítorí pé Bàbá kì í dá ẹni tó bá fi Pijin tọrọ oúnjẹ lóhùn. Ìwé mi kò lọ jìnnà. Mo parí girama, mo lọ kọ́ṣẹ́ fèrèsé alumíníọ̀mù. Fèrèsé àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe, ilé wa ni mo gbé e sí kí Bàbá lè yìn mí. Ó dúró síwájú rẹ̀, ó fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín fèrèsé àti ògiri. "Àlàó," ó ní, "fèrèsé rẹ ń rẹ́rìn-ín."

Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín, nítorí òun ló fà á tí mi ò fi sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ.

Ojú Bàbá ti ń ṣú nígbà náà. Iná pupa yẹn ò tó o mọ́; mo máa ń rí i tó ń fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn kó tó tẹ̀ ẹ́. Ni mo bá lọ ra ohun tí wọ́n fi ń sọ irú tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ di LED. Kò ju nǹkan kékeré méjì lọ nínú ọ̀rá: iná fúnra rẹ̀, tó ní ẹsẹ̀ wáyà méjì bí ẹsẹ̀ ẹ̀fọn, àti ife dídán tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ síwájú, nítorí ihò ti àtijọ́ kéré jù fún un. Bàbá ò fẹ́. Ó ní kí n fi tọ́ọ̀ṣì òun sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbé e lé orí tábìlì, ó sì fa àga sún mọ́ mi bí ẹbí aláìsàn.

Mo tú orí rẹ̀. Mo yọ ife àtijọ́. Mo fi èékánná méjì fa gúlóòbù náà jáde, kò ju irúgbìn ata lọ. Bàbá na ọwọ́, ó gbà á, ó fi òwú wé e, ó sì fi sínú agolo róòbù kan tó ti ṣófo.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Kò tíì kú."

Mo ki ẹsẹ̀ iná tuntun bọ ihò, mo dé e, mo yí i. Òkùnkùn.

"O ti pa á," ni Bàbá wí. Kò pariwo. Ìyẹn dùn mí ju ariwo lọ.

Mo rántí pé gúlóòbù àtijọ́ ò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n LED mọ̀ ọ́n. Mo yọ ọ́, mo yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, mo tún kì í bọ ihò. Ìmọ́lẹ̀ bá lu àjà. Ọmọńlé kan tó wà níbẹ̀ sá tẹ̀lé ògiri. Bàbá dìde dúró. "Háà! Àlàó! O ti gbé oṣù wọlé!" Ó ń dà á kiri: sí abẹ́ àga, sí inú ìkòkò omi, sí ojú mi. Ó pe Màámi. Ó yọrí síta, ó pe aládùúgbò. "Ọmọ mi ló ṣe é," ó ń wí. "Ọmọ mi ló ṣe é."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà yẹn wà lọ́fun mi bí egungun ẹja. Tí mo bá sọ ọ́, Bàbá á ní kí n yọ ọ́. Mo gbé e mì.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń sin èèyàn jìnnà. Ó ń dúró de kí iná pọ́n, iná ò pọ́n. Ó kọjá igi àgbálùmọ̀, ó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dé títì. Ó ń bá Páà Ovunda dúró títí bọ́ọ̀sì á fi dé. Ìdùnnú ńlá ni fún un. Ó dà bí ẹni tí wọ́n dá ọjọ́ orí kan padà fún. Bátìrì tó ti sá lóòrùn náà ló ṣì ń kì sínú rẹ̀, LED sì ń fún wọn mu títí dé ẹ̀kán ìkẹyìn láìfi hàn lójú. "Iná yìí," Bàbá á wí, "kò mọ àárẹ̀."

Sátidé kan, òjò ti dá, ilẹ̀ ń ṣú, kò sí iná ládùúgbò. Páà Ovunda ní kí Bàbá jókòó, ilẹ̀ tutù, òun mọ ọ̀nà. Mo gbọ́ wọn tí wọ́n ń jà sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ìṣe wọn. Fóònù mi ni mò ń tẹ̀. Mi ò gbójú sókè.

Páà Ovunda ló sọ èyí tó kù fún mi lẹ́yìn náà. Gọ́tà kan wà kéèyàn tó dé títì, kọnkéré tó bò ó ti já lápá kan. Páà Ovunda ti kọjá. Bàbá wà lẹ́yìn, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń da iná sí ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, funfun bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Lójijì, kò sí nǹkan kan mọ́. Kò pọ́n. Kò dágbére. Bàbá sì ti gbé ẹsẹ̀. "The light don quench," Páà Ovunda wí fún mi, "and the man still dey tell me, 'Careful, careful.'"

Egungun ìbàdí ló kán. Ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ kò gba ẹni tí kì í ṣe ẹbí wọlé, Páà Ovunda bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ẹrẹ̀ gọ́tà wà lára ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, nítorí òun ló wọ inú rẹ̀ lọ gbé Bàbá. Nínú lọ́hùn-ún, Bàbá di ọwọ́ mi mú. Kò béèrè nípa ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò béèrè nípa tọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ó délé?"

Mo ní, "Ó délé, Bàbá."

Kò tún sọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bó bá jí, ìbéèrè kan náà ni. Ìdáhùn kan náà ni mò ń fún un. Títí ó fi lọ.

Màámi ń wá ẹni tó máa dá lẹ́bi, mi ò bá a wí. Bàbá rẹ̀ ni. Páà Ovunda ló rí. "Ẹni tó mọ ilẹ̀ ló jẹ́ kí àlejò jìn sí kòtò," ó ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa. Mo jókòó níbẹ̀. Mò ń gbọ́. Mo mọ ohun tí ọlọ́jà Rumuokwuta sọ. Mò ń pín omi fún àwọn àlejò.

Ìkìrun ni wọ́n pinnu láti sin Bàbá sí. Ọ̀nà tí áńbúláǹsì máa gbà, Omagwa ni yóò kọjá. Láàárọ̀ tí a fẹ́ gbéra, Páà Ovunda ti dúró lẹ́nu géètì. Ó wọ aṣọ àgbà ilẹ̀ wọn, ó dé fìlà, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Ó sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀ níbi tí mo jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo, páálí ohun mímu nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní, "I no dey reach your place. I go drop for Omagwa. Na my turn to escort am."

Màámi ti gbọ́. Láti inú ọkọ̀ ẹ̀yìn ló ti pariwo pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan áńbúláǹsì, pé sísìn tó sin bàbá òun tẹ́lẹ̀ ti tó. Páà Ovunda kò wo ẹ̀yìn. Èmi ló ń wò. Ó mọ̀ pé tí mo bá gbé páálí yẹn kúrò, á wọlé, kò sẹ́ni tó máa fà á sílẹ̀. Ọwọ́ mi wà lórí páálí náà.

Mi ò gbé e.

Nígbà tí a kọjá Omagwa, ọkọ̀ òfuurufú kan ń balẹ̀, ó fò kọjá lókè wa bí ẹni pé yóò gba orí ọkọ̀. Awakọ̀ ní kí n wò ó. Mò ń wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mò ń wò ó bí ẹni pé Páà Ovunda lè ti sáré dé ibẹ̀ ṣáájú wa.

Màámi dúró sí Ìkìrun. Èmi padà, iṣẹ́ mi wà níhìn-ín. Ilé náà ti tóbi jù fún mi. Oòrùn ń pa ojú fèrèsé, kò sí bátìrì níbẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń wá nígbà míì, a ó jẹun, a ó sọ Pijin, bí wọ́n bá ń lọ, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń dá mi dúró: "No worry, we sabi road." Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní Àlàó. Mo pe ara mi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú yàrá, ojú sì tì mí.

Tọ́ọ̀ṣì náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ti yọ iná funfun. Mo ṣí agolo róòbù, mo tú òwú, mo dá gúlóòbù àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀. Ó tàn. Ó pupa díẹ̀, ó gbọ̀n díẹ̀, ó sì tàn. Kò tíì kú lóòótọ́. Mo ti ń gbé e sápò ṣẹ́ẹ̀tì, lápá òsì.

Mo máa ń rìn pẹ̀lú rẹ̀ dé ibi gọ́tà yẹn nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti fi pákó dí i. Ibẹ̀ ni sísìn ìkẹyìn tí Bàbá ṣe dá dúró sí, títì wà ní iwájú níbẹ̀ yẹn, Omagwa sì wà níwájú títì. Ẹnì kan ń bẹ lọ́hùn-ún tí gbogbo ẹbí wa gbà pé òun ló pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun náà sì ti lè gbà bẹ́ẹ̀ báyìí, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ohun míì fún un. Mo gbọ́ pé kì í jáde mọ́ ní Sátidé. Èmi ni mo mọ ọ̀rọ̀ tó máa tú u sílẹ̀, mo sì ti mọ bọ́ọ̀sì tí mo máa wọ̀. Mo máa ń dúró lórí pákó yẹn títí iná á fi pọ́n, ìyẹn á sì di àwáwí mi láti padà sílé.

Bàbá bi mí bóyá ó délé, mo ní ó délé. Páà Ovunda kò tíì délé o. Èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀nà tó kù.